Ẹ́ńjìnnì Tí Mo Kọ̀ Láti Fọwọ́ Sí

N kò lè búra pé òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ilé iṣẹ́ náà. Ìwé àkọsílẹ̀ mi, tí mo ti ń kọ láti ìgbà tí mo wà ní yunifásítì, sọ pé oòrùn ràn, pé mo tilẹ̀ bọ́ kóòtù mi sọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nínú orí mi, omi ń ṣàn lára ilẹ̀kùn irin ńlá náà, ìbọ̀sẹ̀ mi sì ti tutù bí mo ṣe ń rìn bọ̀ láti ibùdókọ̀ ojú irin Dagenham East. Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ń purọ́. Mo ti kọ́ láti má ṣe tètè dá ìwé náà láre, nítorí èmi náà ni mo kọ ọ́, mo sì mọ irú ẹni tí mo jẹ́ nígbà náà: ẹni tó fẹ́ kí ìyá rẹ̀ gbà pé gbogbo nǹkan ń lọ déédéé, tó sì ń bẹ̀rẹ̀ irọ́ náà láti inú ìwé ara rẹ̀.

Àwọn nǹkan mìíràn wà tí n kò rántí dáadáa. N kò rántí bóyá etí ni mo fi kọ́kọ́ gbọ́ ìró náà, tàbí àyà. N kò rántí bóyá mo pariwo nígbà tí mo sọ pé rárá, tàbí ohùn mi kàn jáde tín-ín-rín bí ti ọmọ iléèwé tí wọ́n pè síwájú. Ṣùgbọ́n mo sọ ọ́. Mo sọ ọ́ lójú ẹni mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn sì ni ẹni tó bá mi wá iṣẹ́ náà. Èyí ni n kò ní jẹ́ kí iyèméjì gbà lọ́wọ́ mi.

*

Alùpùpù orí yìnyín ni à ń tún ṣe. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ṣàjèjì. Ní Dagenham, yìnyín lè má bọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀. Bí ó bá sì bọ́, ẹrẹ̀ ni yóò dà kí ọ̀sán tó pọ́n. Síbẹ̀, nínú ọgbà kan tí àwọn tó ń ṣe fèrèsé àti àwọn tó ń kun ọkọ̀ wà, ṣọ́ọ̀bù kan wà níbẹ̀ tí àwọn ènìyàn ń fi ẹ́ńjìnnì ránṣẹ́ sí láti Norway àti Sweden. Terry ló ni ín. Ọmọ bíbí Dagenham ni, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó sì ń pe gbogbo obìnrin ní “dáàlì”, látorí mi dé orí obìnrin tó ń gba owó orí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹni tó mú mi lọ síbẹ̀ ni Bọ̀dá Ṣẹ́gun. Ará Ìjẹ̀bú ni, ohùn ilé kò sì tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ọdún tó ti lò níhìn-ín. Ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan náà ni à ń lọ. Lọ́jọ́ Sunday, láìwọ bàtà, nínú súútánà funfun, ènìyàn kò lè mọ̀ pé òun ni àgbà mẹkáníìkì tí òyìnbó ń ti òkèèrè wá fún. Nígbà tó gbọ́ pé ìmọ̀ ẹ̀rọ ni mo kà, tí mo sì ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Becontree Heath, ó mi orí.

“Títọ́jú àgbà kì í ṣe iṣẹ́ àbùkù,” ó ní. “Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò fún ọ ní orí yẹn kí o máa fi ka hóró oògùn nìkan. Wá ní Monday.”

Terry gbà mí. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ó gbà láti ṣe onídùúró fún mi lọ́dọ̀ ìjọba, ìwé àṣẹ ìgbélùú mi sì di ohun tó so mọ́ iṣẹ́ náà. Ẹni tí kò bá tíì gbé lábẹ́ irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè má mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ó túmọ̀ sí pé bí ọ̀gá bá lé ọ lọ́sàn-án, ìlú náà ti ń fi ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú hàn ọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Mo pe ìyá mi láti ṣàlàyé. Olùkọ́ ni, ó ti fẹ̀yìn tì, Iléṣà ló sì ń gbé.

“Alùpùpù tí kò ní táyà?” ó béèrè.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Pákó méjì ló wà níwájú, bẹ́líìtì rọ́bà ló wà lẹ́yìn.”

“Ibo ni wọ́n ń gùn ún lọ?”

“Wọn kì í lọ síbì kankan, Mà. Wọ́n kàn ń sáré ni.”

“Ọmọ mi, ṣé àwọn ènìyàn yẹn ní ẹbí?”

*

Ní ọdún kìn-ín-ní, irin ni mo ń fọ̀. Mo fọ̀ ọ́ títí òórùn kẹ́míkà fi wọ inú ìrọ̀rí mi. N kò ráhùn. Bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́ ni mo ń wò ó: mo ń wo orí písítìn, irin tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì, mo ń fi ìka tọ etí rẹ̀, mo sì ń kọ ohun tí mo rí sílẹ̀. Ní yàrá mi ní Becontree Heath, ibùsùn kan, fèrèsé kan àti ògiri kan tí mo ń gbọ́ ẹkún ọmọ aládùúgbò láti ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ní. Ní Sátidé mo máa ń wọ bọ́ọ̀sì dé Rush Green, kí n sì tún wọ òmíràn padà, nítorí pé nínú bọ́ọ̀sì, ẹnì kan lè jókòó tì ọ́. Mo ti kọ gbólóhùn yẹn, mo sì fẹ́ pa á rẹ́. N kò ní pa á rẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ara ilé mọ̀ dáadáa: ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì. Bí mẹkáníìkì ilé bá sọ bẹ́ẹ̀, ó ti parí nìyẹn, kí wọ́n lọ wá ẹ́ńjìnnì mìíràn. Bọ̀dá Ṣẹ́gun ló kọ́ mi pé irú nọ́ọ̀kì mìíràn wà, èyí tí kì í ṣe ikú bí kò ṣe ìkìlọ̀ ikú.

“Ìwọ sáà ti rí bí àgbẹ̀ ṣe ń sun oko,” ó ní. “Yóò tan iná sí etí kan, iná yóò sì máa jó bọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ títí dé etí kejì. Bí ó ṣe yẹ kí epo jó nínú sìlíńdà nìyẹn. Púlọ́ọ̀gì tan iná níhìn-ín, ó jó dé ọ̀hún, ó ti písítìn lọ sísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ooru bá pọ̀ jù, tí afẹ́fẹ́ bá ṣù mọ́ra jù, etí kejì yóò gbiná fúnra rẹ̀ kí iná àkọ́kọ́ tó dé. Iná méjì pàdé. Kì í ti písítìn mọ́ o, ó ń fi òòlù lù ú ni.”

“Kí ni yóò wá ṣẹlẹ̀?”

“Ní ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, yóò lu ihò sí i. Kí o wá wà lórí adágún dídì, níbi tí ẹnikẹ́ni kò sí, pẹ̀lú òtútù tó lè pa ènìyàn, kí ẹ́ńjìnnì kú mọ́ ọ nídìí.”

Alùpùpù tó ní tọ́bò ni ewu yìí pọ̀ sí jù, nítorí pé iṣẹ́ tọ́bò ni láti máa ti afẹ́fẹ́ tipátipá sínú ẹ́ńjìnnì. Ọgbọ́n ibẹ̀ kò le láti sọ. Má ṣe jẹ́ kí púlọ́ọ̀gì tan iná tètè jù. Má ṣe fi epo dù ú. Má ṣe jẹ́ kí tọ́bò ti afẹ́fẹ́ ju bó ti yẹ lọ. Jẹ́ kí ó tutù kí o tó tún fi í sáré. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, mọ epo tí ẹni tó ni ín yóò máa rà níbi tó ń gbé, nítorí epo tó lágbára ń fara da ooru, èyí tí kò lágbára kò lè fara dà á. Ohun tó le ni pé agbára ń pọ̀ sí i bí o ṣe ń sún mọ́ etí ọ̀gbun náà. Gbogbo oníbàárà ló sì fẹ́ agbára.

A ní ẹ̀rọ kan tí a ń de ẹ́ńjìnnì mọ́ láti wọn agbára rẹ̀. Bí a bá ti gbé e láti ìsáré kékeré dé ìsáré tó ga jù, a ń pe ìyẹn ní fífà kan. Nígbà tí a bá ń fà á, ẹni tó wà nídìí rẹ̀ yóò de agbọ́rọ̀ mọ́ etí, èyí tí wáyà rẹ̀ so mọ́ ara irin ẹ́ńjìnnì gan-an. Lọ́jọ́ tí Bọ̀dá kọ́kọ́ fi í sí mi létí, ó mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ògbólógbòó ẹ́ńjìnnì kan nọ́ọ̀kì lẹ́ẹ̀kan. Ó dà bí ẹni da òkúta wẹẹrẹ sínú agolo mílíìkì.

“O gbọ́?”

“Mo gbọ́, Bọ̀dá.”

“Má gbàgbé rẹ̀ láé. Ìwọ tí o máa ń gbàgbé nǹkan yìí.”

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ní ọdún kejì, mo ń jókòó sídìí ẹ̀rọ náà fúnra mi. Lọ́jọ́ tí Terry kọ́kọ́ fi ìwé ẹ́ńjìnnì kan síwájú mi pé kí n fọwọ́ sí i, mo pe ìyá mi láti inú ilé ìyàgbẹ́ ṣọ́ọ̀bù, mo ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ẹni tó bá ṣe fífà ìkẹyìn ló ń fọwọ́ sí ìwé: òfin Terry nìyẹn, kò sì sí ẹni tí kò kàn. Orúkọ mi ti wà lórí ohun kan ní ìlú yìí tí kì í ṣe fọ́ọ̀mù.

*

Ẹ́ńjìnnì Erik dé ní ìparí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ará àríwá Norway ni Erik, ó fẹ́ràn kí nǹkan yára, ó sì ní ọ̀rẹ́ kan tí alùpùpù rẹ̀ ń sáré ju tirẹ̀ lọ. Ó kọ̀wé sí wa pé epo ilé-epo lásán ni òun yóò máa lò. Ní Tuesday, Bọ̀dá Ṣẹ́gun tò ó, ìyẹn ni pé ó ṣètò epo, iná àti afẹ́fẹ́ rẹ̀. Fífà mẹ́sàn-án, ẹ́ńjìnnì náà kò ké pẹ́ẹ́, agbára tó sì jáde mú kí Terry pàtẹ́wọ́. Erik ń bọ̀ ní Thursday láti wá gbé e. Ní Wednesday, Bọ̀dá gbàyè lọ tún ṣọ́ọ̀ṣì ṣe fún ìkórè, Terry sì ní kí n fà á lẹ́ẹ̀kan sí i, kí a tẹ ìwé rẹ̀ jáde, kí n sì fọwọ́ sí i.

Kẹ́ẹ̀gì méjì ni a ní. Funfun wà fún epo ilé-epo, pupa fún epo alágbára tí àwọn tó ń sáré ìje ń rà. Funfun ti gbẹ. Mo gbé e lọ sí ilé-epo tó wà ní ìkóríta, mo rọ ọ́ kún, mo padà wá, mo fa ẹ́ńjìnnì náà.

Òkúta wẹẹrẹ, nínú agolo.

Mo já ọwọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìró náà kò ju ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ. Tàbí kò tó bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé mi, lábẹ́ ọjọ́ yẹn, mo kọ ọ́ pé *mo gbọ́ ọ*. Mo sì tún kọ ọ́ nísàlẹ̀ pẹ̀lú yíǹkì mìíràn: *mo gbọ́ ọ*. N kò mọ ọjọ́ tí mo kọ èkejì.

Terry jáde láti inú ọ́fíìsì rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ, bó ṣe dún létí mi ni mo kọ ọ́.

“Kí ló dé tí o fi dá a dúró?”

“Ó ń nọ́ọ̀kì, ọ̀gá.”

“Kò nọ́ọ̀kì lánàá.”

“Ó ń nọ́ọ̀kì lónìí.”

Ó gba agbọ́rọ̀ náà, ó dè é mọ́ etí ara rẹ̀, ó ní kí n fà á. Mo fà á dé ìdajì, mo dá a dúró.

“N kò gbọ́ nǹkan kan,” ó ní.

“Ẹ wo àmì tó wà lórí kọ̀ǹpútà ẹ̀rọ náà.”

“Ariwo lásán nìyẹn, bẹ́líìtì ló ń gbọ̀n. Dáàlì, etí yìí ti ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó bí ìyá rẹ.”

“Bóyá ìdí rẹ̀ nìyẹn tí kò fi gbọ́ mọ́,” ni mo fẹ́ sọ. N kò sọ ọ́. Tàbí bóyá mo sọ ọ́, nítorí ó wò mí bákan.

Mo pe Bọ̀dá Ṣẹ́gun. Mo ń gbọ́ ìgbálẹ̀ àti orin lẹ́yìn ohùn rẹ̀.

“Àbúrò, ẹ́ńjìnnì tí mo fọwọ́ ara mi tò?”

“Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.”

“N ò bínú. Fífà mẹ́sàn-án ni mo fà á! Ṣé etí rẹ wá mú ju tèmi lọ ni? Má jẹ́ kí òyìnbó máa wò wá bí ẹni tí kò mọ ohun tó ń ṣe. Fọwọ́ sí i, jàre, kí o lọ sinmi.”

*

Ohun tí mo fẹ́ kọ nípa ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni pé ó dá mi lójú. Kò dá mi lójú. Mo jókòó sí etí ibùsùn, mo ń bi ara mi pé ta ni mí. Àgbà méjì sọ pé kò sí nǹkan kan. Ẹni tí kì í rántí bóyá òjò rọ̀ ni mí. Ní ilé, wọ́n kọ́ mi pé ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun igi kò lè rí i. Níhìn-ín, kò sí ẹni tó pa òwe kankan fún mi, wọ́n kàn ń béèrè lọ́wọ́ mi lójoojúmọ́ pé, “Ṣé ó dá ọ lójú?” Nílé ìfowópamọ́, ní ọ́fíìsì dókítà, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wa gan-an. Ènìyàn lè gbọ́ ìbéèrè náà títí yóò fi máa bi ara rẹ̀ kí wọ́n tó bi í. Mo rò ó nígbà náà pé ilé ni ibi tí wọ́n ti gbà ọ́ láàyè láti ṣàṣìṣe, kí wọ́n sì tún pè ọ́ wá jẹun. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, n kò ní ilé níhìn-ín. Àṣìṣe kan ṣoṣo ló tó láti lé mi.

Ìyá mi pè.

“Ohùn rẹ kò dùn. Ṣé o ti jẹun?”

“Mo ti jẹun, Mà.” Irọ́ ni.

“Irọ́ ni,” ó ní.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó fara balẹ̀ gbọ́, bó ti máa ń fara balẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ọmọ iléèwé.

“Jẹnẹrétọ̀ tèmi tí mo ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀,” ó ní, “lọ́dún tí epo wọ́n, kí ló ń ṣe?”

“Ó ń ṣe kọ̀-kọ̀-kọ̀.”

“Ta ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ?”

“Èmi ni.”

“Bàbá rẹ ní kò sí nǹkan kan. Kí ni mẹkáníìkì wá sọ?”

“Ó ní epo ni.”

“Ó dáa. Ẹ ti bi ẹ́ńjìnnì léèrè, ẹ ti bi kọ̀ǹpútà léèrè, ẹ ti bi ara yín léèrè. Ta ló ti bi epo?”

*

Ní òwúrọ̀ Thursday, mo bá Bọ̀dá Ṣẹ́gun nídìí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀, bí mo ti máa ń ṣe.

“Bọ̀dá, ẹ dákun, epo wo lẹ lò ní Tuesday?”

“Ti inú kẹ́ẹ̀gì funfun. Ṣé mo máa ń lo omi ni?”

“Epo ilé-epo nìkan ló wà nínú rẹ̀?”

“Ilé-epo ni.” Ó gbé irinṣẹ́ kan, ó gbé e padà sílẹ̀. “Mo kàn da ìyókù inú pupa mọ́ ọn ni. Lítà mẹ́ta péré, bóyá mẹ́rin. Kẹ́ẹ̀gì náà fẹ́ dípẹtà nísàlẹ̀. Ṣé kí n wá da epo nù ni? Ìwọ náà mọ ohun tí ojú wa rí nílé.”

Mo mọ̀ ọ́n. Òyìnbó tó bá rí ìyókù epo nísàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì yóò dà á sínú àgbá ìdọ̀tí, yóò sì lọ mu tíì. Ṣùgbọ́n àwa tí a ti sùn lórí ìlà ilé-epo, tí a ti fi ẹnu fa epo nínú rọ́bà títí ó fi wọ ọ̀fun, àwa tí ìyá wa ń fi aṣọ sẹ́ epo tó dúró nísàlẹ̀ ike kí ẹ̀kán kan má baà ṣòfò, kò sí ọwọ́ wa tó lè da epo nù. Mo tilẹ̀ bi ara mi bóyá èmi náà kò ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. N kò lè sọ pé rárá.

“Bọ̀dá,” ni mo wí, “epo alágbára ló jẹ́ kí ó dákẹ́ ní Tuesday. Erik kò ní rí irú rẹ̀ rà. Afẹ́fẹ́ ọ̀dọ̀ wọn tún tutù, ó ki ju tiwa lọ. Yóò tún le sí i ni.”

“Lítà mẹ́ta kò lè tó bẹ́ẹ̀.”

“Ó lè tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi.”

Ó ń wò mí. Kó tó dáhùn, Terry ti ń mú Erik wọlé. Ọkùnrin gígùn ni, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀, ó sì mú wàrà dídì aláwọ̀ ilẹ̀ kan wá fún wa láti ìlú rẹ̀. Terry gé e, ó pín in káàkiri. Lẹ́yìn náà ni ó tẹ́ ìwé náà, tí agbára ọjọ́ Tuesday wà lórí rẹ̀, sórí tábìlì, ó sì fi bírò lé e lórí.

“Ó ku tìrẹ, dáàlì.”

“Rárá.”

Erik dẹ́kun jíjẹ.

“N kò ní fọwọ́ sí i, ọ̀gá. Bó ṣe wà yìí, yóò lu ara rẹ̀ fọ́.”

“Ṣé ó dá ọ lójú?”

Ìbéèrè náà nìyẹn, wọ́n tún ti gbé e dé.

“Kò dá mi lójú,” ni mo wí. “Láti ọjọ́ tí mo ti dé ìlú yìí, n kò tíì rí ohun kan tó dá mi lójú. N kò ní fọwọ́ sí i.”

Ojú Terry pọ́n. Ó sọ fún mi, níwájú àlejò, pé ẹni tí kò bá lè ṣe iṣẹ́ tí òun tìtorí rẹ̀ ṣe onídùúró fún un kò nílò kí òun máa dúró fún un mọ́. Ó pe ìwé àṣẹ mi ní “pépà yẹn”. Mo rántí èyí dáadáa, ìwé àkọsílẹ̀ mi kò sì jiyàn.

Mo lè sọ ọ̀rọ̀ kẹ́ẹ̀gì nígbà yẹn. Gbólóhùn kan péré ni, ì bá sì ti gbà mí. Ṣùgbọ́n ẹni tó fà mí kúrò níbi hóró oògùn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, orúkọ rẹ̀ sì ni ohun kan ṣoṣo tó ní nínú ilé náà. Mo pa ẹnu mi mọ́.

“Ṣẹ́gun,” ni Terry pè. “Ìwọ lo tò ó, ìwọ lo sì fà á dé òpin. Fọwọ́ sí i, kí ọkùnrin yìí máa lọ.”

Bọ̀dá mú bírò. Ó tẹ̀ síwájú. Ó gbé ẹnu bírò lé ìlà náà, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀, ọ́ìlì dúdú nínú ìlà àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

“Èmi ni mo da epo pọ̀,” ó ní.

“O ṣe kí ni?”

“Epo pupa tó ṣẹ́ kù. Mo dà á mọ́ funfun kí n tó tò ó. Ohun tí a rí ní Tuesday kì í ṣe òótọ́.”

“Kí ló dé?” Terry kò bínú mọ́; ohun tó gbọ́ kò yé e ni. “Ta ní ń ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Kí ló dé tí ènìyàn yóò fi ṣe bẹ́ẹ̀?”

“Nítorí pé epo ni,” ni Bọ̀dá Ṣẹ́gun wí, ó sì dá bírò padà sórí tábìlì.

*

Mo fa epo inú táńkì jáde, mo sì tún ẹ́ńjìnnì náà tò lójú gbogbo wọn. Mo dá púlọ́ọ̀gì dúró dígírì méjì nínú yíyí ẹ́ńjìnnì kó tó tan iná. Mo fi epo kún ti tẹ́lẹ̀ díẹ̀, mo sì ní kí tọ́bò rọra. Mo fà á lẹ́ẹ̀mẹta, mo jẹ́ kí ó tutù láàárín wọn, bí Erik tilẹ̀ ń wo aago. Agbọ́rọ̀ náà dákẹ́. Agbára náà wálẹ̀, ẹ̀rín ojú Erik sì bá a wálẹ̀.

“Ti ọ̀rẹ́ mi ju èyí lọ,” ó ní.

“Kí ọ̀rẹ́ yín wà láàyè,” ni mo dá a lóhùn, mo sì fọwọ́ sí ìwé náà.

Terry kò lé mi. Ó kàn dá mi padà sídìí omi. Láti ìgbà òjò wínní-wínní títí òtútù fi dé, irin ni mo ń fọ̀, ẹlòmíràn ló ń jókòó sídìí ẹ̀rọ. Ó ní lítà mẹ́ta kò lè ba ohunkóhun jẹ́, pé ìjayà lásán ni mo gbọ́, àti pé èmi àti Ṣẹ́gun ti gbé agbára oníbàárà jù sínú odò Thames. Ó sọ ọ́ fún ẹni tó ń ta fèrèsé. Ó sọ ọ́ fún ẹni tó ń gbé lẹ́tà wá.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Bọ̀dá yẹra fún mi fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ní ẹ̀kẹta, ó bá mi níta níbi tí a ti ń wọ bàtà.

“O mọ ọ̀rọ̀ kẹ́ẹ̀gì náà kí Terry tó bú ọ,” ó ní. “Kí ló dé tí o kò sọ?”

“Tiyín ni, Bọ̀dá. Ẹ̀yin lẹ ni ín láti sọ.”

“Bí mo bá ti fọwọ́ sí i ńkọ́?”

“N kò mọ̀, sà.”

Ó so okùn bàtà rẹ̀ títí. “Èmi náà kò mọ̀,” ó ní. “Òótọ́ tó wà níbẹ̀ nìyẹn, àbúrò. Èmi náà kò mọ̀.”

Mo ń fọ irin, mo sì ń ronú. Bí ọjọ́ ṣe ń lọ, ìró náà ń sá lọ ní etí mi. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún, n kò lè pè é padà mọ́. Òkúta inú agolo tí mo ń rántí ti di ti ẹ́ńjìnnì àgbàlagbà tí Bọ̀dá fi kọ́ mi, kì í ṣe ti Erik. Ó ṣeé ṣe kí n má gbọ́ nǹkan kan. Mo gbà bẹ́ẹ̀ nínú ìwé mi. Ṣùgbọ́n mo kọ èyí tẹ̀lé e: bí n kò bá tilẹ̀ gbọ́ ọ, n kò jẹ̀bi pé mo kọ̀. Ẹni tí wọ́n ní kó fi orúkọ rẹ̀ dúró fún ẹ̀mí ẹlòmíràn ní ẹ̀tọ́ láti ṣiyèméjì. Iyèméjì mi kò wá láti àìmọ̀wé, kò sì wá láti àlejò tí mo jẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Mo ti kọ́ ọ ju bí mo ṣe kọ́ ohunkóhun lọ, n kò sì ní tọrọ àforíjì lórí rẹ̀ lọ́wọ́ ará Becontree Heath tàbí ará Iléṣà. Mo ń gbé níhìn-ín. Bí wọn kò bá fẹ́ kí n gbé níhìn-ín, kí wọ́n wá sọ ọ́ fún mi nídìí omi, níbi tí ọwọ́ mi wà.

*

Yìnyín Norway kò tíì yọ́ tán nígbà tí mẹkáníìkì ìlú Erik tú ẹ́ńjìnnì náà fún ìtọ́jú ọdọọdún. N kò mọ ọkùnrin náà, n kò sì tíì bá a sọ̀rọ̀ rí. Ó kọ̀wé sí Terry, Terry sì wá sídìí omi, ó kà á sókè fún mi, ó gbé àwòrán inú fóònù rẹ̀ síwájú mi, kò sì fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún un.

Mẹkáníìkì náà rí ojú ọgbẹ́ mẹ́rin ní etí písítìn kan, bí ibi tí abẹ́rẹ́ ti gún ènìyàn. Nọ́ọ̀kì ló ṣe wọ́n, ó ní kò sí ohun mìíràn tó lè ṣe irú rẹ̀. Gbogbo wọn ló wà lábẹ́ èéfín tó dì mọ́ písítìn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà yìnyín. Ó há èéfín náà kúrò kó tó rí wọn, kò sì sí ọ̀kankan lókè rẹ̀: ẹ́ńjìnnì náà ti nọ́ọ̀kì kí ó tó dé Norway, kò sì nọ́ọ̀kì mọ́ láti ìgbà náà.